Ẹyin Ni Kí Ọlọ́sìn Wò, Kì í Ṣe Kàlẹ́ńdà: Títọ́ Ọmọ Ẹja Nothobranchius Nínú Ilé

Ẹja Nothobranchius kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí: ẹja kékeré inú ọ̀gọ̀dọ̀ òjò ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ọ̀gọ̀dọ̀ á gbẹ, ẹja á kú tán, ẹyin nìkan ni yóò ṣẹ́kù sínú ẹrẹ̀ de òjò tó ń bọ̀. Nínú ilé, píìtì, ìyẹn èérún ewéko jíjẹrà láti ilẹ̀ àbàtà, ló ń dípò ẹrẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹja ń yé ẹyin sí. Ọlọ́sìn á fún omi rẹ̀ dànù, á sì dì í sínú ọ̀rá. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà àtijọ́ tó wà nílẹ̀, nípa ìgbà tó yẹ kí ọlọ́sìn bu omi sí ẹyin, ni ká parí. Àwọn kan ní oṣù ni kí ọlọ́sìn máa kà: bí ẹyin N. guentheri, ẹja Zanzibar, bá ti lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta nínú ọ̀rá, kó bu omi sí i. Àwọn yòókù ní kó mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kó yẹ ẹyin wò. Ọ̀dọ̀ àwọn kejì yìí ni òtítọ́ wà, ẹ̀rí rẹ̀ sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1972 ni onímọ̀ nípa ohun alààyè John Wourms kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ inú ẹyin irú ẹja báyìí lè dá ìdàgbà dúró nígbà mẹ́ta: kí ara rẹ̀ tó ní ìrísí kankan, ní agbedeméjì, àti ìgbà tó pé tán tó ku kó jáde. Ẹyin kan lè dúró pẹ́. Èyí tí abo kan náà yé lọ́jọ́ kan náà lè má dúró ní agbedeméjì rárá. Ohun tó gba ìran wọn là nìyẹn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ọ̀gọ̀dọ̀ tún gbẹ, àwọn tó ti jáde á kú, àwọn tó ṣì wà nínú ẹyin á gbé irú wọn ró. Ooru tún ń dá sí i: ẹyin tó wà níbi tó móoru máa ń tètè pọ́n ju ti ibi tútù lọ. Kàlẹ́ńdà wo ló lè ka gbogbo ìyẹn?

Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ rántí ìgbà tí àwọn àgbà ń fi ọ̀rá píìtì ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ póòsì, tí wọ́n kọ irú ẹja, ibi tó ti wá àti ọjọ́ tí wọ́n dì í sára rẹ̀. Ọjọ́ yẹn wúlò, ṣùgbọ́n awò kì í jìnnà sí tábìlì wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní kò ní awò. Wọ́n bu omi lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kò jáde, wọ́n da píìtì nù pẹ̀lú ẹyin tó ṣì wà láàyè. Ìwà yìí kò dára. Ẹyin tó pọ́n máa ń fi ojú ọmọ hàn, dúdú, pẹ̀lú òrùka wúrà yí i ká.

Bí ẹyin bá ti pọ́n, omi tútù, nǹkan bí 18°C, tí kò jìn, ni kí ẹ bù sí píìtì. Ọmọ Artemia, ìyẹn edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni oúnjẹ àkọ́kọ́, lójoojúmọ́. Ẹ máa pààrọ̀ omi. Ọmọ ẹja tí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò kún kì í lè lúwẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ ni yóò máa wọ́ kiri. N. furzeri, tí onímọ̀ ẹja Jubb fún lórúkọ ní 1971, lè dàgbà débi tí yóò lè yé ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ebi pa á.

Ẹni tó bá ní píìtì tó ti bu omi sí tí kò rí ọmọ, kó fún omi rẹ̀ dànù, kó dì í padà, kó sì fi awò yẹ ẹyin inú rẹ̀ wò lálẹ́ òní.