Ọjọ́ Tí A Gun Òkè Ìdànrè
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Láìpẹ́ yìí ni àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí a jọ dàgbà dìde láti gun òkè wa. Oòrùn kò tíì yọ nígbà tí a fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn náà ju 600 lọ, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Nígbà èwe wa, eré ni a ń sá gùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó dé ibi ìsinmi kejì, a ti ń mí gúlegúle, orúnkún ọ̀kan nínú wa sì ń gbọ̀n. A gba ẹrù rẹ̀, a sì dúró dè é.

Nígbà tí a dé òkè, a rí ìlú àtijọ́ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀ síbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà sì wà. Òkúta yí ibẹ̀ ká bí odi.

Ọ̀rẹ́ wa tí orúnkún ń dùn fẹ́ fi ilé tí a bí bàbá rẹ̀ sí hàn wá. Ó wá a títí. Ògiri tí ó ti wó pọ̀, koríko sì ti bò wọ́n. Kò sí ẹni nínú wa tí ó lè sọ èyí tí í ṣe tiwọn. Bàbá náà ti kú, a kò sì bi í léèrè nígbà tí ó wà láàyè. Ọ̀rẹ́ wa jókòó lórí òkúta, kò sọ̀rọ̀. Ojú tì wá, àwa olùkọ́ tí a ń kọ́ ọmọ ní orúkọ òkè ilẹ̀ òkèèrè, tí a kò mọ ìloro ilé àwọn baba wa.

Ní 2007, a kọ orúkọ òkè wa sínú ìwé UNESCO, láàárín àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí a kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n àlejò kò lè bá wa rántí ilé tí àwa fúnra wa ti gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ọmọ kan tí yóò jókòó ti àwọn àgbà, tí yóò sì kọ ibi tí agboolé wọn wà lókè sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, bí ẹ bá wálé ọdún, ẹ mú àwọn ọmọ yín gun òkè náà. Bí orúnkún àgbà kò bá lè gòkè mọ́, ẹnu rẹ̀ ṣì lè mú wa débẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí.