Owó Ọjà Yàtọ̀ sí Owó Ọbẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, àti bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣe lè máa jẹun nílé kó sì máa san án. Ẹ̀yin náà mọ ìyá tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, tó sì pa fóònù.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, a rí ọjà, a ò rí owó. Tòmátò ń rà lórí àtẹ, oníbàárà ń bẹ̀ wá pé ká gba tíráńsífà. Kí ara tó balẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí a ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà ti lé ní 600 kí oṣù Keje tó parí. Owó mọ́tò gòkè, oúnjẹ tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti sá wọ gbọ́múlé-láńtà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ yá 100,000 náírà, wọ́n ní kí ẹ máa san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. 120,000 nìyẹn. Ẹ ó ní èlé 20,000 kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ ti dá 60,000 padà, síbẹ̀ orí odidi 100,000 ni wọ́n ṣì ń ka èlé lé. Ẹni tó fi ra ọjà tó ń yá lè rí i san. Ẹni tó fi ra aṣọ ẹbí, tàbí tó fi san gbọ́múlé-láńtà mìíràn, ibo ló ti fẹ́ rí 5,000 ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Nínú owó ọjà ni. Kò ní pẹ́, àtẹ á ṣófo.

Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, wọ́n á rán ológò sí i. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò á wá jókòó ti onígbèsè nínú ilé, á máa pariwo, á máa mú adìyẹ ilé, títí owó á fi jáde. Lónìí, àwa fúnra wa là ń ṣe ológò ara wa, torí bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ayáwó ò bá san, àwọn yòókù ló máa san án. Ìyá tí ẹ jọ ń pàtẹ lánàá ló ń kan ilẹ̀kùn yín ní Bẹ́yẹrúnkà láago márùn-ún ìdájí. Èyí ló dùn mí jù.

Ó yá, kí la ó ṣe? Ẹ ní àpò méjì, kí wọ́n má sì pàdé. Tí ẹ bá ta ọjà, owó tí ẹ fi rà á kì í ṣe tiyín láti ná, òun lẹ ó fi ra òmíràn. Èrè nìkan ni tiyín, inú èrè yẹn náà ni gbèsè wà. Bí ọmọ bá ní, "Màámi, owó ata," inú àpò èrè ni kí ẹ na ọwọ́ sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn á kéré nìyẹn.

Ẹ wo owó tó ń jò lórí àtẹ: mọ́ínmọ́ín àárọ̀, ìrẹsì ọ̀sán, piọ́ wọ́tà, mínírà. Bó bá jẹ́ 1,500 lójúmọ́, fún ọjọ́ 26, 39,000 ni. Ẹ gbé oúnjẹ sínú kúlà láti ilé. (Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o, ẹ̀yin náà ń jẹ gbèsè.)

Ẹni tó ń ra gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á wọ́n jù. Kí ẹni márùn-ún dá owó jọ, owó ọwọ́ o, kì í ṣe àwìn, kí ẹnì kan lọ sí Bódìjà, kí ẹ fi kóńgò pín àpò náà. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kó lè tètè jinná. Tí ọbẹ̀ bá sì ti jinná, ẹ pa èédú tó kù, tọ̀la ni. Ẹran lè dín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀wà du ọmọ. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó oògùn san gbèsè. Bí rọpárọsẹ̀ bá dáni dúbúlẹ̀, ta ni yóò pàtẹ?

Èyí tí ẹ bá rí fi pamọ́, ẹ gbé e fún alájọ tí ẹ mọ̀ dáadáa. 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 jẹ́ 15,000. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, 14,500 á kù. Mo mọ̀ pé 500 yẹn dunni, àmọ́ owó tí kò sí lọ́wọ́, ẹnì kan ò lè wá yá a.

Ó wá ku aṣọ. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa má dá aṣọ ọdún lọ́dún yìí, kí oníkálùkù wọ àńkárá tó ní. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn. Wọ́n á ní àwọn ẹgbẹ́ tó kù á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tí a bá jáde ní Mápó. Kí wọ́n ṣe é. Àwọn kọ́ ló ń bá wa san tọ̀sẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ la ó nawọ́ sókè lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wà nínú àwọn tó máa pín àpò, kó wá kọ orúkọ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, kó mú káàdì ìsanwó rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Màmá àgbà méjì á tẹ̀ lé e lọ bá àwọn tó yá a lówó, kí wọ́n bá a bẹ̀bẹ̀ kí tọ̀sẹ̀ lè kéré sí i. Èmi ò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni síta.