Ọ̀bẹ Àpò àti Ìrántí Ìgbà Èwe

Ọ̀bẹ àpò, èyí tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, ìyẹn ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, máa ń rán àgbàlagbà létí ìgbà èwe, nígbà tí wọ́n ń fi í bó ọsàn tàbí gbẹ́ igi ṣeré. Ọ̀bẹ tún jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, nínú ọgbà Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè Boubou Hama, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ lójú àlejò. Bákan náà, láàárín àwọn Tuareg, ẹ̀yà kan ní aṣálẹ̀ Sahara, inadan, ìyẹn àwọn alágbẹ̀dẹ tó jogún iṣẹ́ lọ́wọ́ baba, ló ń rọ telek, ọ̀bẹ inú àkọ̀ tí ọkùnrin ń so mọ́ apá òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún lè tètè fà á yọ.