Kí A Gbọ́ Tán Kí A Tó Gbéra

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tí ó sì fi ṣe ìpinnu kò sàn ju irú àgbà bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ibùdókọ̀ Òṣòdì. Kọ́ńdọ́tọ̀ kan ń pe Ìyànà-Ìpájà, èkejì ń pe Ìyànà-Ìbà. Ẹni tí ó ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ gbọ́ “Ìyànà” péré, ó ti fò wọ ọkọ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ náà forí lé, kì í ṣe ọ̀nà Àgbádárìgì. Etí rẹ̀ kò di. Ọkàn rẹ̀ ni ó ṣáájú ohùn kọ́ńdọ́tọ̀.

Owó àti àkókò ni ìyẹn gbà. Ní ilé ìwòsàn, ó lè gba ẹ̀mí. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ ti wà nínú bọ́ọ̀sì tí yóò wọ̀ ní Ìyànà-Ìbà ń dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Nígbà tí ó délé, méjì-méjì ni ó ń fún ọmọ lò.

Kí ni ó ń fà á? Ní ọdún 1957, Ralph Nichols, olùkọ́ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, àti Leonard Stevens kọ ìwé lórí ọ̀ràn gbígbọ́. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹnu ń sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 125 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n èrò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tí ó ṣẹ́kù ni ọkàn fi ń ṣáko. Bí ènìyàn bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán gẹ́lẹ́, bí ìdajì rẹ̀ ni ó ń rántí.

Kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò. Ǹjẹ́ ó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni? Ǹjẹ́ èsì ni ó ń tò jọ nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀? Ǹjẹ́ ó máa ń fi ohùn àlejò ṣẹ̀sín? Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmaikò, níbi tí Àwórì, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá ti jọ ń ná ọjà, ẹlẹ́gàn kì í gbọ́ iye tí wọ́n pe ọjà.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: kí a tún ohun tí a gbọ́ sọ kí a tó kúrò níbẹ̀. “Ṣé ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, mà?” Ìbéèrè náà kò gba ìṣẹ́jú kan. Kí ẹni tí a bi má sì ṣe kanra. Ìbéèrè ni ó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ òun dé ibi tí òun rán an.