Nọ́ọ̀sì Tí Ó Lọ àti Èyí Tí Ó Dúró

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé àṣẹ kan jáde pé nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ kí ìgbìmọ̀ náà jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí òun fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì. Kíá ni àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde ní Àbújá àti ní Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn kan ní bí gbogbo wọn bá lọ tán, ta ni yóò kù lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn? Àwọn mìíràn dáhùn pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ó yíjú sí ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà.

Ní ọdún 1940, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Albertina dé láti ìgbèríko Transkei láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà, ní ẹ̀ka tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe òyìnbó. Bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń wojú rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ kí ó di sísítà nínú ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n àlùfáà kan là á yé e pé sísítà kì í gba owó oṣù, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń gbowó láti ìgbà tí ó bá ti ń kọ́ṣẹ́. Nítorí àwọn àbúrò rẹ̀ ni ó ṣe yan iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ náà le. Nọ́ọ̀sì òyìnbó tí kò tíì mọ̀ tó ń pàṣẹ fún nọ́ọ̀sì dúdú tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Nígbà tí ìjàǹbá ńlá kan ṣẹlẹ̀, orí ilẹ̀ ni a tẹ́ àwọn ènìyàn dúdú tí ó fara pa sí, bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn tí ó ṣófo wà ní ẹ̀ka àwọn òyìnbó. Albertina rí i, ó dùn ún wọ akínyẹmí ara, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1944 ó fẹ́ Walter Sisulu. Láti 1949 tí ọkọ rẹ̀ ti di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ANC, owó iṣẹ́ ìyàwó ni ó ń bọ́ ilé. Ní 1954 ó gbàwé agbẹ̀bí, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lórí. Ní 1957 ìjọba ṣe òfin tí ó fi àwọ̀ ara pín àwọn nọ́ọ̀sì, tí kò sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì dúdú jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1961, Tanganyika, tí ó di Tanzania lẹ́yìn náà, gba òmìnira. Àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn lọ sílé. Julius Nyerere ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ANC, a sì yan 20 nọ́ọ̀sì dúdú láti lọ rọ́pò wọn. Albertina Sisulu gan-an wà lára àwọn tí ó ṣètò ìrìn-àjò náà. Ní bòókẹ́lẹ́ ni a mú wọn gba ilẹ̀ Bechuanaland kọjá, èyí tí í ṣe Botswana òde òní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún fojú kan ilé títí ó fi di lẹ́yìn 1990, nígbà tí a gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹgbẹ́ náà.

Ẹni tí ó dúró kò sinmi. Ní 1963 a tì í mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ní 1964 a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọkọ rẹ̀, 1989 ni ó sì tó jáde. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyá yìí fi tọ́ àwọn ọmọ.

Ta ni nínú wọn ni ó ṣe ohun tí ó tọ́? Kò sí ẹni tí ó lè pe àwọn 20 náà ní ìsáǹsá, nítorí ibi tí aláìsàn wà láìní olùtọ́jú ni wọ́n lọ. Kò sì sí ẹni tí ó lè pe ẹni tí ó dúró ní aláìmọ̀kan. Oníkálukú wọn mọ ẹni tí òun ń ṣe é fún, ó sì mọ ohun tí yóò ná òun.

Nọ́ọ̀sì òde òní tí ó ń rò ó, bóyá kí ó lọ tàbí kí ó dúró, lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ń jẹun lára owó iṣẹ́ yìí? Ta ni yóò jìyà bí òun bá lọ? Ǹjẹ́ ilẹ̀kùn yóò ṣí sílẹ̀ bí òun bá fẹ́ padà? Ti àwọn 20 náà kò ṣí. Ti òde òní ṣí, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ni ìbéèrè kàn. Àṣẹ lè dá ẹsẹ̀ dúró, kò lè dá ọkàn dúró. Owó oṣù tí ó tó jẹ, tí ó sì ń dé lásìkò, omi nínú ẹ̀rọ, iná ní yàrá ìgbẹ̀bí, àti ọ̀wọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá: ìwọ̀nyí ni ń dá ọkàn dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí agbẹ̀bí má lọ, kí ó kọ́kọ́ wo ẹrù tí a gbé lé e lórí.