Ìdérí Òkè Kọ́ Ló Di Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́ Mú

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la máa sọ lónìí, kẹ̀kẹ́ orí òkè, irú èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gùn lọ sí Cannock Chase àti Peak District ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ra fọ́ọ̀kì tuntun sí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ẹ sì fẹ́ fi ọwọ́ ara yín dè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ ọrùn kẹ̀kẹ́ yìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "á gbà bẹ́ẹ̀" ṣe é. Tí ṣéènì bá já, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn délé ni. Tí gíà ò bá wọlé, ẹ ó kàn bínú. Tí ọrùn kẹ̀kẹ́ bá yẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, iwájú lẹ máa fi lọ, ọwọ́ àti ojú ló sì máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ bí eegun ọrùn ọwọ́ ṣe máa ń rí tó bá kán, mo sì mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó jinná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn nǹkan yìí lórúkọ, torí tí ẹ bá sọ fún màmá yín pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ headset, wọ́n á ní ṣebí èyí tí ẹ fi ń gbọ́ orin ṣì wà létí yín. Headset ti kẹ̀kẹ́ ni bẹ́árìn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ife irin àti òrùka tó gbà wọ́n dúró nínú ọrùn kẹ̀kẹ́. Àwọn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́. Ọ̀pá tó yọ sókè lórí fọ́ọ̀kì, tó gba inú ọrùn yẹn kọjá, òun ni steerer. Èmi á máa pè é ní ọ̀pá ọrùn. Stem ni irin kúkúrú tó gbá orí ọ̀pá ọrùn mú lẹ́yìn, tó sì gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú níwájú. Lókè pátápátá, ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú bóòtì kan láàárín rẹ̀.

Ìdérí yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n rí i lókè, wọ́n rí bóòtì nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé òun ló di gbogbo nǹkan mú. Tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ti ń mì, wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ Allen, wọ́n á máa fún un, wọ́n á máa fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bóòtì yẹn ń ṣe. Ó ń fa ọ̀pá ọrùn sókè, ó sì ń ti stem sísàlẹ̀, kí bẹ́árìn méjèèjì lè jókòó síbi tó yẹ láìsí àlàfo. Ó parí. Àwọn bóòtì ẹ̀gbẹ́ stem, tó sábà máa ń jẹ́ méjì lẹ́yìn, ni wọ́n gbá ọ̀pá ọrùn mú. Tí àwọn yẹn bá ti le, ẹ lè yọ ìdérí òkè kúrò, fọ́ọ̀kì ò ní já bọ́. Mi ò ní kí ẹ máa gùn ún bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Tí bóòtì ẹ̀gbẹ́ bá ti le tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá ń fún ti òkè, stem ò lè sún sísàlẹ̀ mọ́. Àlàfo tó ń jẹ́ kó mì ṣì wà níbẹ̀. Agbára yín ń lọ sórí nọ́ọ̀tì oníràwọ̀ tó wà nínú ọ̀pá ọrùn, ẹ ó sì fà á tu.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn nílé kò rí báyìí. Ẹnu ọ̀pá ọrùn tiwọn ní ìlà yíyí bíi ti ṣúkúrù, nọ́ọ̀tì ńlá méjì ló sì máa ń wà lórí ara wọn níbẹ̀, tí ẹ máa fi sípánà ńlá méjì dè. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni èyí tí kò ní ìlà yìí dé ọjà, ilé iṣẹ́ Dia-Compe ló sì tà á lórúkọ Aheadset. Nítorí náà, tí dádì bá ń júwe bí àwọn ṣe máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Kẹ̀kẹ́ míràn ni wọ́n ń sọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ọ̀pá ọrùn tó gún régé láti òkè délẹ̀ jẹ́ mìlímítà 28.6 ní fífẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì ìsinsìnyí jẹ́ 28.6 lókè, wọ́n sì fẹ̀ tó nǹkan bí 40 nísàlẹ̀. Ẹ ó rí i lára páálí headset: ZS44/28.6 fún òkè, ZS56/40 fún ìsàlẹ̀, fún àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ inú ọrùn kẹ̀kẹ́, èkejì ni fífẹ̀ ọ̀pá fọ́ọ̀kì níbẹ̀. ZS túmọ̀ sí pé ife irin náà wọ inú ọrùn, EC pé ó yọ síta, IS pé kò sí ife rárá, bẹ́árìn jókòó sínú férémù fúnra rẹ̀. Ọ̀pá tó gún lè wọ ọrùn tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tí ẹ bá ra òrùka tó yẹ. Èyí tó fẹ̀ nísàlẹ̀ ò lè wọ ọrùn tóóró àtijọ́ tó jẹ́ 34, kò sí àdúrà tó lè gbé e wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tó ń ra fọ́ọ̀kì àlòkù, ẹ tẹ́tí dáadáa. Ẹni tó lò ó ṣáájú ti gé ọ̀pá rẹ̀ fún férémù tirẹ̀. Ẹ ṣírò tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ká ní ọrùn kẹ̀kẹ́ yín gùn ní mìlímítà 120, apá headset tó yọ lókè àti nísàlẹ̀ jẹ́ 15, àwọn òrùka abẹ́ stem jẹ́ 20, stem fúnra rẹ̀ ga ní 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 195. Tó bá jẹ́ 180 ni wọ́n ń tà, ẹ lè dín òrùka kù sí 8, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á wálẹ̀ díẹ̀, á gbà. Tó bá jẹ́ 165, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Stem tí kò gbá ọ̀pá mú tán kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa fi orí yín dánwò.

Ní ti fífi ife irin sínú ọrùn, ẹ gbé òòlù kúrò lọ́wọ́. Òòlù máa ń jẹ́ kó wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu férémù á sì fẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, orí ife ni kó sì ti máa tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe orí bẹ́árìn. Tí ẹ bá bi mí, ibí yìí nìkan ni mo lè sanwó fún ní ṣọ́ọ̀bù, torí irinṣẹ́ náà wọ́n, ẹ ò sì ní lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún mélòó kan. Ẹ fi gíríìsì pa ibi tí ife àti bẹ́árìn máa jókòó. Òrùka ìdí fọ́ọ̀kì tó bá ní ojú gígé, ọwọ́ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èyí tí kò ní, páìpù tó gba ọ̀pá ọrùn kọjá lẹ máa fi tì í sísàlẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ ò fi ní gba abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ má gbàgbé òrùka kékeré tó ní ojú gígé, tó máa ń wọ àárín bẹ́árìn òkè àti ọ̀pá ọrùn. Bó ṣe kéré yẹn, tí kò bá sí níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa mì títí ayé, kò sí bóòtì tó máa wò ó sàn.

Kẹ́ ẹ tó gé ọ̀pá, ẹ to gbogbo nǹkan jọ pátá: bẹ́árìn, òrùka, stem. Ẹ fàlà sí ibi tí orí stem dé. Ẹ wá tú u, kí ẹ fa ìlà míràn ní mìlímítà 3 sísàlẹ̀ ìyẹn. Ibẹ̀ lẹ máa gé. Tí ọ̀pá bá ga dé ìdérí, ọ̀pá ni ìdérí á máa tẹ̀ dípò stem, bẹ́árìn ò sì ní fún láéláé. Tó bá dà yín láàmú, ẹ fi òrùka kan sórí stem, kí ẹ gé e gùn díẹ̀. Èyí tó gùn ṣeé gé sí i, ẹ kúkú mọ èyí tó kúrú. Lẹ́yìn gígé, ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹnu rẹ̀ nínú àti lóde, kí ẹ wá ti nọ́ọ̀tì oníràwọ̀ wọlé ní gígún, nǹkan bíi mìlímítà 15 sísàlẹ̀ ẹnu ọ̀pá. Tó bá jẹ́ ọ̀pá carbon, ẹ má fi nọ́ọ̀tì oníràwọ̀ sí i rárá, á ha inú rẹ̀ ya. Èyí tó ń fẹ̀ nínú ọ̀pá lẹ máa rà.

Ó ku dídè. Bóòtì ẹ̀gbẹ́ stem ní títú. Ẹ rọra fún ti òkè títí kò fi ní mì mọ́, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ to stem kó bá táyà iwájú dọ́gba. Ìgbà yìí lẹ máa wá fún bóòtì ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan díẹ̀, èkejì díẹ̀, títí dé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára stem. 5 Nm ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ti tiyín lẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ ò lè fojú díwọ̀n òògùn aláìsàn, ẹ má fojú díwọ̀n èyí náà. Sípánà tó ń ka agbára ò wọ́n bíi fọ́ọ̀kì.

Ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Ẹ fi ìka sí ibi tí headset àti férémù ti pàdé. Ìka yẹn lẹ máa gbà gbọ́, torí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì àti bíréèkì náà máa ń mì díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀. Tó bá lọ́ra, ó ti fún jù. Tó bá ń há sí àárín, bẹ́árìn ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gùn ún, ẹ tún dán an wò, torí nǹkan tuntun máa ń jókòó dáadáa sí i lẹ́yìn ìgbọ̀nrìrì. Tó bá ti ń mì díẹ̀, ẹ mọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn báyìí: ẹ tú bóòtì ẹ̀gbẹ́, ẹ fún ti òkè díẹ̀, ẹ tún ti ẹ̀gbẹ́ dè.