ÀBÁTÀN, AMỌ̀KÒKÒ ÒKÈ-Ọ̀DÀN

Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ó fi amọ̀ ṣe ohun ńlá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìlaròó, tí ó kọrí sí apá ààlà ilẹ̀ Benin, kò ní pẹ́ dé Òkè-Ọ̀dàn. Níbẹ̀ ni a bí Àbátàn Ọdẹ́fúnkẹ́ sí ní nǹkan bí ọdún 1885. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀, Agbédèyí. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ṣẹ́.

Ohun tí ó sọ Àbátàn di olókìkí ni àwo ọta Eyinlẹ̀. Eyinlẹ̀ yìí ni àwọn ará Ìlobùú ń pè ní Erinlẹ̀. Ìtàn sọ pé ọdẹ ni kí ó tó di odò. Omi odò àti ọta, èyí ni òkúta tí omi ti fọ̀ dán, ni àwọn olùsìn rẹ̀ ń fi sínú àwo náà. Lórí ọmọrí rẹ̀ ni ọgbọ́n wà: amọ̀ tí a tẹ̀ bí adé, àti ère obìnrin tí ojú rẹ̀ tutù, tí ó ń wo iwájú.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti le tó. Ọwọ́ lásán ni àwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò. Igi àti koríko ni wọ́n sì ń kó bò ó láti sun ún. Ara ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn bákan náà, ṣùgbọ́n orí ère nípọn, apá rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bí orí náà kò bá gbẹ dé inú, iná yóò fọ́ ọ, gbogbo làálàá a sì di àpáàdì.

Ní àwọn ọdún 1960, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí. Ìyá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ọ̀mọ̀wé yìí fi àwo rẹ̀ àtijọ́ wé ti ìgbẹ̀yìn. Ó rí i pé ọwọ́ Àbátàn ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, síbẹ̀ kò kọ ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1969 ni ohun tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde nínú ìwé.

Àwọn kan a máa wí pé iṣẹ́ àbáláyé kò ní ọgbọ́n tuntun, pé bí ìyá ti ṣe é ni ọmọ ń ṣe é. Àbátàn sọ ọ̀rọ̀ wọn di irọ́.

Ní ilẹ̀ Japan, ìjọba a máa bu ọlá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Ní 1955 ni wọ́n ka Hamada Shoji, amọ̀kòkò ìlú Mashiko, mọ́ ìṣúra orílẹ̀-èdè wọn. Nílé wa níhìn-ín, àwòrán Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò ilẹ̀ Gwari, wà lára owó ogún náírà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ibi tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí: ọ̀pọ̀ ìkòkò Yorùbá ló wà níbẹ̀ tí a kò kọ orúkọ ẹni tí ó mọ wọ́n sí i lára. Bí kò bá sí ẹni tí ó béèrè, orúkọ Àbátàn ìbá ti bá àpáàdì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìlaròó, ẹ̀yin ọmọ Ayétòrò, bí ẹ bá rí ìyá tí ń mọ ìkòkò, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ìkòkò lè fọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ fọ́ pẹ̀lú rẹ̀.